Sálúbàtà Pupa

Ní abúlé wa nítòsí Ọjà-Ọ̀dàn, kí ọmọ tó mọ àdúrà kà ni wọ́n ti ń kọ́ ọ pé ojú kì í rí ẹni tó bá gba ọ̀nà igbó. Ọ̀nà náà ló já sọ́dọ̀ àwọn ẹbí wa ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Ibẹ̀ ni ìyá mi àgbà ń gbà lọ sọ́jà, ibẹ̀ náà ni bàbá mi ń gbà gbé ìrẹsì wọlé. Nítorí náà, bí ẹni tó wọ káàkí bá bi ọ́ pé ta ló kọjá, ìdáhùn kan ṣoṣo ló wà: "Mi ò rí ẹnì kankan." Èmi mọ̀ ọ́n sọ ju gbogbo ẹgbẹ́ mi lọ.

Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí lọ́jọ́ tí ọmọbìnrin kan bá mi nídìí agbada tí mo ti ń yan gàrí. Ta ni ò mọ̀ ọ́n? Oníkòkó tó kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ńlá sí Ilaro ni bàbá rẹ̀, òun nìkan sì ni ìyá rẹ̀ bí. Ọkọ̀ ló máa ń gbé e kiri, àmọ́ láàárọ̀ ọjọ́ yìí, ẹsẹ̀ ló fi rìn wá, òun àti báàgì kékeré kan. Ó wo ọ̀nà igbó, ó wo sálúbàtà tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Pupa ni, awọ gidi, gìgísẹ̀ rẹ̀ sì ga.

"Àbúrò, jọ̀ọ́, fún mi ní sílípáàsì rẹ, kí o mú èyí."

Mo ti bọ́ sílípáàsì rọ́bà mi kó tó sọ̀rọ̀ tán, kó má baà yí ọkàn padà. Ó rẹ́rìn-ín.

"Bí wọ́n bá bi ọ́ lónìí, má sọ o. Àmọ́ tó bá ti dọ̀la, sọ fún màámi pé ibí ni mo gbà, pé kí wọ́n má sunkún."

Wọ́n ní ọkọ tí bàbá rẹ̀ fẹ́ fi í fún ló ń sá fún. Èmi ò bi í léèrè. Bàtà ni mo gbájú mọ́.

Ní ọjọ́ kẹta, mọ́tò kan dúró níwájú wa. Dírẹ́bà rẹ̀ wọ káàkí, ṣùgbọ́n ìyá ọmọ náà fúnra wọn ló sọ̀ kalẹ̀, láìwé gèlè, ojú wọn ti wú.

"Ọmọ mi, o ò rí àǹtí kan kó kọjá níbí? Ọmọ mi ni."

"Mi ò rí ẹnì kankan, mà."

Mo fa ìró bo ẹsẹ̀ mi. Wọ́n dúró tí mi pẹ́ kí wọ́n tó padà sínú mọ́tò.

Ó pẹ́ tí mo fi ń dá ara mi láre pé bí wọ́n ṣe kọ́ wa nílé ni mo ṣe. Irọ́ ni mo ń pa. Mo mọ̀ pé ìyá ẹni kì í ṣe kọ́sítọ́ọ̀mù. Ọmọbìnrin náà rán mi níṣẹ́, mo gba ọ̀yà, mi ò jẹ́ ẹ, nítorí mo mọ̀ pé bí mo bá lanu, wọ́n á gba bàtà lọ́wọ́ mi. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí. Kí ọdún tó yí po, bàtà ọ̀hún ò gbà mí lẹ́sẹ̀ mọ́.

Títí di òní, kò sẹ́ni tó gbúròó ọmọ náà, níhìn-ín tàbí lọ́hùn-ún.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Tèmi ti lé ní ogójì ọdún kí òtítọ́ tó gbéra. Ní ọyẹ́ tó kọjá, ọmọ mi obìnrin lọ ra aṣọ ní Kútọnu, fóònù rẹ̀ ò sì lọ fún ọjọ́ méjì. Mo ń pè é tọ̀sán-tòru. Nígbà tó pè, mo bú u dáadáa, mo wá jókòó sílẹ̀, ojú ìyá ọjọ́sí ni mo ń rí.

Mo lọ sí Ilaro. Ìyá náà ti darúgbó, ṣùgbọ́n ojú wọn ṣì ń ríran. Tèmi ti ewú orí ni mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀, mo jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán mi.

Wọ́n ní, "Mo rí bàtà náà lẹ́sẹ̀ rẹ lọ́jọ́ yẹn. Èmi ni mo rà á fún un. Mo ní wọ́n ti pa á lábúlé yín, wọ́n ti pín ẹrù rẹ̀. Mo fẹ́ pariwo, mo wò ọ́, ọmọdé ni ọ́. Mo délé, mo ní kí wọ́n má wá a mọ́."

"Màmá, Àǹtí wà láàyè nígbà tí wọ́n kúrò lọ́dọ̀ mi. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín."

"Ó ń rẹ́rìn-ín?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Wọ́n nu ojú wọn. Wọ́n wá bi mí pé, "Sílípáàsì rẹ yẹn, ṣé ó gbà á lẹ́sẹ̀?"

Mi ò wo ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Tèmi ni mo ń wò.