Ọwọ́ Aṣíwèé Kì í Gbẹ

Ojo pọ́ńbélé ni obìnrin aṣíwèé yìí láti kékeré. Ó ń bẹ̀rù ajá, ó ń bẹ̀rù àtẹ̀gùn gíga, ó ń bẹ̀rù kí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ láàárín èrò. Ọkọ rẹ̀ máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí ẹnikẹ́ni bá kan ilẹ̀kùn, ìyàwó òun á ti tọrọ àforíjì kó tó ṣí i. Kì í ṣe pé àyà rẹ̀ ń já nìkan, ọwọ́ rẹ̀ a tún máa làágùn, òógùn tútù tí apá aṣọ ìnujú kì í ká. Irú obìnrin bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ wá bá nílé, tó ní kó wá máa jókòó lórí ìtàgé níwájú ẹgbẹ̀rún èèyàn.

Olùkọ́ orin ni nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí àgbà atẹ-pìánò kan bá wá sí gbọ̀ngàn ńlá, òun ni wọ́n máa ń pè kó wá ṣe aṣíwèé, kó máa bá a ṣí ewé ìwé orin, torí ọwọ́ méjèèjì ẹni tó ń tẹ pìánò kì í ráyè. Iṣẹ́ náà kò lọ́lá kankan: wọ aṣọ dúdú, má wọ ẹ̀gbà ọwọ́, má fi lọ́fínńdà sára, má wúkọ́, má jẹ́ kí bébà dún. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti fi ṣe é láìdún. Ó ti jókòó ti èyí tí ọwọ́ rẹ̀ kéré bí ọwọ́ ọmọdé, síbẹ̀ tí ohùn pìánò rẹ̀ ń mi ògiri. Ó ti jókòó ti èyí tó máa ń bọ́ bàtà kó tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn obìnrin tí ayé ń sáré wá wò ni wọ́n, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó rántí ojú rẹ̀. Ìyẹn gan-an ló tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan, ó kan obìnrin tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, tí gbogbo onípìánò ń pè ní Màmá. Ó ku ogún ìṣẹ́jú kí eré bẹ̀rẹ̀ nígbà tí Màmá ní kí wọ́n pe aṣíwèé wá sí yàrá ìmúra, kí àwọn yòókù jáde. Aṣíwèé rò pé wọ́n fẹ́ lé òun ni. Màmá na ọwọ́ sí ife omi tó wà lórí tábìlì. Ọwọ́ rẹ̀ kọjá ife náà, ó tún padà, ó ń fi ìka táràrà títí ó fi kàn án.

“Ọmọ mi, ojú mi ti lọ,” Màmá wí jẹ́ẹ́. “Ìwé tó o fẹ́ lọ ṣí yẹn, funfun lásán ni mo máa ń rí. Orí ni mo fi ń tẹ gbogbo ẹ̀.”

Aṣíwèé bi í pé kí wá ni òun fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀. Màmá ṣàlàyé pé orin kejì ní oríta kan. Bí wọ́n bá dé ìsàlẹ̀ ojú ìwé kẹsàn-án, àmì kan wà tó ní kí wọ́n padà sí òkè ojú ìwé kẹjọ. Bí wọ́n bá tún dé ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, kí wọ́n ṣí ewé, kí wọ́n máa lọ. Ó ní láìpẹ́ yìí, òun kì í mọ̀ mọ́ bóyá ẹ̀ẹ̀kíní lòun wà tàbí ẹ̀ẹ̀kejì. Lóṣù tó kọjá, nínú ilé òun, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lòun yí po níbẹ̀. Bó bá ṣẹlẹ̀ lójú gbogbo ayé lónìí, àṣírí tú nìyẹn, pìánò títẹ̀ sì parí fún òun.

“Tó bá ti di ẹ̀ẹ̀kejì, jẹ́ kí bébà yẹn dún dáadáa kí n gbọ́. Tí mi ò bá gbọ́ nǹkan kan, màá padà.”

Aṣíwèé fẹ́ sọ pé òun ò lè ṣe é. Síbẹ̀, ó tẹ̀ lé Màmá lọ sórí ìtàgé.

Orin kìíní lọ wẹ́rẹ́. Wọ́n wọ orin kejì. Wọ́n dé oríta náà nígbà àkọ́kọ́. Ó dìde bó ṣe máa ń ṣe, ó fi àtàǹpàkò di etí ewé mú, ṣùgbọ́n kò ṣí i. Màmá padà sókè ojú ìwé kẹjọ. Aṣíwèé jókòó, ó ń nu ọwọ́ mọ́ aṣọ.

Ibẹ̀ ni ẹ̀rù ti ṣe é báṣubàṣu. Ó ṣèèṣì gbójú sókè, ó rí ẹgbẹ̀rún ojú nínú òkùnkùn, iyè rẹ̀ sì ra pátápátá. Nígbà tó fi máa mọ ibi tó wà, Màmá ti ń sún mọ́ ìsàlẹ̀ ojú ìwé kẹsàn-án. Ṣé àkọ́kọ́ nìyí ni, àbí ìkejì? Ṣé ó ti dìde lẹ́ẹ̀kan ni, àbí ó kàn rò bẹ́ẹ̀? Kò mọ̀. Bó bá ṣí i láìtọ́, ó ba orin jẹ́. Bí kò bá ṣí i, Màmá á máa yí po títí àwọn èèyàn á fi bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn lójú. Ìlà méjì ló kù. Màmá ti ń dẹ ọwọ́, ó dẹ etí sọ́dọ̀ rẹ̀, ó ń dúró.

Aṣíwèé dìde, ó na ọwọ́ sí etí ewé. Bébà ibẹ̀ ti hunjọ. Àmì àtàǹpàkò kan wà lára rẹ̀, ó ṣì tutù. Òógùn òun fúnra rẹ̀ ni; ó ti dìde lẹ́ẹ̀kan nìyẹn.

Ó já ewé náà ṣí pẹ̀lú ariwo tó mú kí ẹni tó jókòó níwájú pòṣé. Màmá kọjá oríta, ó ń lọ.

Àtẹ́wọ́ ò tíì parí tí ọ̀gá gbọ̀ngàn fi ya wọ yàrá ìmúra bá wọn. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ máa fi bébà di ẹrù, kó gba ọjà lọ. Ó ní wọn ò ní pe aṣíwèé mọ́ láéláé. Màmá la ẹnu láti sọ òtítọ́. Aṣíwèé yára di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó fún un pinpin.

“Ẹ má bínú, sà,” ó wí. “Ọwọ́ mi ló yọ̀.”

Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́. Bí iṣẹ́ ọdún mọ́kàndínlógún ṣe lọ nìyẹn.

Nígbà tí ọ̀gá jáde, Màmá ò jọ̀wọ́ ọwọ́ náà. Ó bi í bó ṣe mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀kejì ni. Ojú ti aṣíwèé, ó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ òógùn, ó bẹ̀bẹ̀ pé òun ti ba ìwé Màmá jẹ́, ó sì ń wá aṣọ ìnujú.

“Ìlú mẹ́ta ni mò ń lọ lóṣù tó ń bọ̀, a jọ ń lọ ni,” Màmá wí. “Ẹ̀rù ń ba èmi náà, ọmọ mi. Má nu ọwọ́ yẹn.”