Ẹ̀rọ Kásẹ́ẹ̀tì Bọ̀dá Jìmí

Ọ̀sán Sọ́ńdè kan ni ohùn mi já lójú gbogbo èèyàn, nínú àgbàlá hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Okokomaiko. Orin rọ́ọ̀kì tí wọ́n fẹ́ràn jù lọ́wọ́ wa là ń kọ. Mo dé ibi tó ga jù nínú rẹ̀, mo lanu, ohun tó jáde sì dà bí ìgbà tí wọ́n bá ṣí ilẹ̀kùn tí kò rí epo rí. Àwọn ọmọ yunifásítì tó jókòó níwájú bú sẹ́rìn-ín. Mo ṣe bí ẹni pé ikọ́ ló há mi lọ́fun. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn lóṣù náà, kò sì sẹ́ni tí mo tún lè fi ikọ́ tàn.

Nígbà tí a ń kó ẹrù, Bọ̀dá Jìmí pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Òun ló ni ẹgbẹ́, òun náà ló ń ta gìtá àkọ́kọ́. Ó ní máníjà hòtẹ́ẹ̀lì ti bá òun sọ̀rọ̀, wọ́n sì ti rí ọmọbìnrin kan ní Ọ̀jọ́ tí ohùn rẹ̀ lè gbé orin náà. Bí mi ò bá rí i gbé ní Sọ́ńdè tó ń bọ̀, kí n lọ sinmi nílé. Ó fi pẹ̀lẹ́ sọ ọ́, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kó dùn mí wọra.

Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 la wà nígbà náà. Orin olórin ni ẹgbẹ́ bíi tiwa máa ń kọ. Kọ́píráìtì là ń pè é. Bí wọ́n bá ní ẹgbẹ́ kan mọ kọ́píráìtì, ìyìn ńlá ni, ó túmọ̀ sí pé wọn ò yà kúrò nínú bí ẹni tó ni orin ṣe kọ ọ́, títí dórí ibi tó ti mí kanlẹ̀. Kò sì sí orin tó dé ọ̀dọ̀ wa tí kò gba inú ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì Bọ̀dá Jìmí kọjá. Nínú yàrá rẹ̀ lẹ́yìn ọjà àgbò Alaba Rago la ti máa ń yí i ká, a ó tẹ̀ ẹ́, a ó dá a dúró, a ó dá a padà, a ó tún tẹ̀ ẹ́. Àgbò ń ké lóde, àwa náà ń ké nínú ilé, onílé ò sì mọ èwo ni kóun kọ́kọ́ lé. Ibi tí kásẹ́ẹ̀tì bá ti mú orin, ibẹ̀ ni Bọ̀dá Jìmí ní ká ti mú un. Kì í gba àròyé.

Èmi tí ìdí mi kì í gbélẹ̀ tẹ́lẹ̀, ọ̀sẹ̀ yẹn wá burú jáì. Mo jẹ orógbó títí ahọ́n mi fi kú. Mo lá oyin, mo gbé ẹyin tútù mì. Mo ń pariwo orin ní balùwẹ̀ tó fi jẹ́ pé àwọn tí a jọ ń gbélé bi ìyá mi bóyá nǹkan kan ń lé mi. Níbi iṣẹ́ taipú tí mò ń ṣe ní Ìbà, mo ń dìde, mo ń jókòó, mo ń tẹ àṣìtẹ̀ lórí àṣìtẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí. Orí ìtàgé nìkan ni ibi tí ara mi ti máa ń lélẹ̀ láyé yìí. Bí wọ́n bá gbà á lọ́wọ́ mi, mi ò mọ ibi tí mo fẹ́ gbé gbogbo ohun tó ń dà mí láàmú nínú yìí sí.

Láàárín ọ̀sẹ̀ náà, ọ̀gá mi rán mi láti gbé iṣẹ́ lọ fún ìyàwó olùkọ́ kan ní Ìbà Ẹ́sítéètì. Mi ò tíì kanlẹ̀kùn tí mo fi gbọ́ orin wa nínú ilé, orin tó já mi kulẹ̀ gan-an, láti orí giramófóònù. Ṣùgbọ́n ó rọra ń lọ, ohùn náà ki, ó sì wà nílẹ̀. Mo kọ́kọ́ rò pé giramófóònù wọn ló bàjẹ́. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo bá a kọ ọ́, mo dé ibi gíga yẹn, mo sì kọjá rẹ̀ bí ẹni ń rìn lórí ilẹ̀ títẹ́jú. Màmá náà ṣílẹ̀kùn, wọ́n bá mi níbi tí mo ti ń rẹ́rìn-ín èmi nìkan. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi òmíràn sí i nínú àwọn orin tí a máa ń kọ. Òun náà rọra ń lọ, ó wà nílẹ̀. Olórin tí a ti ń pè ní ọmọkùnrin kékeré láti ọjọ́ yìí, bàbá àgbàlagbà ni.

Ó wá yé mi. Ẹ́ńjìnnì kékeré tó ń yí kásẹ́ẹ̀tì nínú ẹ̀rọ Bọ̀dá Jìmí ti jóná rí, òmíràn ni wọ́n fi sí i ní Alaba. Èyí tí wọ́n fi sí i ń sáré jù. Bí kásẹ́ẹ̀tì bá sì ń sáré, ohùn á gasókè, orin á máa yára. Àwọn èèyàn rò pé ẹgbẹ́ wa ló gbóná, àwa náà sì gbà bẹ́ẹ̀.

Mo gba Alaba lọ lọ́jọ́ yẹn kan náà. Mo bá Bọ̀dá Jìmí ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ta wáyà.

"Bọ̀dá, ẹ̀rọ yín ń sáré. Orin yẹn ò ga tó bẹ́ẹ̀ rárá."

Kò gbójú sókè. "Torí pé ohùn ẹ ò gbé e, kásẹ́ẹ̀tì wá ń parọ́?"

"Ẹ jẹ́ ká jọ lọ sí Ẹ́sítéètì, kẹ́ ẹ fetí ara yín gbọ́ ọ."

"Mi ò lọ síbì kankan, Rónkẹ́. Lọ tọ́jú ohùn ẹ."

Inú bí mi débi pé mo fẹsẹ̀ rìn padà sí Ìbà. Ojú ọ̀nà ni àánú rẹ̀ ti wá ń ṣe mí. Ìka kọ̀ọ̀kan ló fi kọ́ àwọn orin yẹn lára ẹ̀rọ náà. Bí mo bá jàre, gbogbo ohun tí wọ́n ti ń tìtorí rẹ̀ yìn ín láti ọdún yìí ni kò rí bó ṣe yẹ kó rí. Ṣé ìyẹn máa rọ̀ ọ́ lọ́rùn láti gbà?

Sọ́ńdè pé. Ọmọbìnrin ará Ọ̀jọ́ ti jókòó níwájú, ó wọ bàtà pupa, ó rẹwà. Mi ò lè dúró lójú kan. A bẹ̀rẹ̀ eré, à ń sáré bí a ṣe máa ń sáré, bó ṣe kan orin tèmi ni wọ́n mú iná. Jẹnẹrétọ̀ wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó dákẹ́. Ámúpù tó ń gbé ohùn gìtá sókè kú, kíbọ́ọ̀dù kú, máíkì kú. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í lu tábìlì, máníjà sì jáde síta, ó káwọ́ mọ́ àyà, ó ń wò wá.

Sùmọ́nù tó ń ta gìtá kejì sáré gbé gìtá onípákó rẹ̀ wá, èyí tí kò nílò iná. Bọ̀dá Jìmí gbà á, ó jókòó lórí àga, ó ń wá ibi gíga tí kásẹ́ẹ̀tì ti máa ń mú orin mi. Mi ò dúró dè é. Mo bọ́ síwájú láìsí máíkì, mo mú un nílẹ̀, níbi tí mo ti gbọ́ ọ ní Ẹ́sítéètì, mo sì ń rọra kọ ọ́.

Ó wò mí bí ẹni tó fẹ́ gbá mi létí. Gìtá rẹ̀ dákẹ́. Mo kọ ìlà kan èmi nìkan, mo kọ ìkejì. Nígbà tó yá, mo gbọ́ tí ìka rẹ̀ ń wá mi kiri, ó ṣì mí, ó tún wá mi, ó rí mi. Onílù wa fi igi ìlù sílẹ̀, ó ń fi àtẹ́lẹ́wọ́ lu itan. Lílu tábìlì dáwọ́ dúró. Àwọn tó wà lẹ́yìn gbé àga wọn sún mọ́ wa kí wọ́n lè gbọ́. Mo dé ibi gíga yẹn, ohùn mi sì jáde kedere. Mo fẹ́ sunkún, ṣùgbọ́n orin kò tíì tán.

Bí a ṣe parí ni iná dé. Ámúpù bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́, n ò mọ̀ bóyá èmi ni àbí iná. Bọ̀dá Jìmí gbé gìtá onípákó sílẹ̀, ó dìde, ó gba ibi tí gìtá oníná rẹ̀ wà lọ. Ó fẹ́ gbé wa padà sókè, mo sì mọ̀ pé mi ò ní bá a débẹ̀. Ọmọbìnrin ará Ọ̀jọ́ ti ń tún aṣọ ara rẹ̀ ṣe.

Bọ̀dá Jìmí bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó pa ámúpù. Ó padà wá jókòó, ó gbé gìtá onípákó lé ẹsẹ̀, kò sì wo ojú mi.

"Rónkẹ́," ó ní, "èyí tó kàn ńkọ́? Ibo ni ká ti mú un?"

Láti ọjọ́ tí mo ti wọ ẹgbẹ́ náà, kò bi ẹnikẹ́ni nírú ìbéèrè yẹn rí. Mo gbé orin náà nílẹ̀, ó sì wá bá mi níbẹ̀.