Ìgbálẹ̀ Ọmọ Ilé

Òórùn gbodo ló kọ́kọ́ kí mi káàbọ̀ sí yàrá bàbá mi ní Ọ̀yọ́. Àwọn ìyàwó ilé ti kó àwọn àpò tí wọ́n tò síbẹ̀ jáde kí n tó dé, wọ́n sì ti fọ ilẹ̀, ṣùgbọ́n òórùn iṣu gbígbẹ ti wọ ara ògiri. Mo jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì tí mo gbé láti Ògbómọ̀ṣọ́, mo ń wo ẹrù mi. Ẹni tó fi ọdún márùndínlógójì kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, ẹrù rẹ̀ kò kún bọ́ọ̀sì kan.

Ọ̀rẹ́ mi, ìwọ náà ti fẹ̀yìn tì, o mọ bó ṣe ń rí. Lánlọ́ọ̀dù mi nítòsí Under G, ládùúgbò yunifásítì Ògbómọ̀ṣọ́, ti rí i pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè san ìlọ́po méjì ohun tí opó bíi tèmi ń san, pẹ́ńṣàn mi kò sì lè bá a sáré. Ọmọ mi ọkùnrin ti kun yàrá kan sílẹ̀ dè mí ní Èkó. Ọmọ dáadáa ni, àmọ́ mo ti gbé ibẹ̀ fóṣù kan rí: bí mo bá fẹ́ jẹ ẹ̀wà, mo gbọ́dọ̀ bèèrè; bí mo bá fẹ́ jáde, ẹnì kan gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé mi. Yàrá bàbá mi kò gba owó háyà ní tirẹ̀, ẹ̀yìnkùlé sì wà tí mo lè gbin ẹ̀fọ́ sí. Ọmọ mi ní òun fún mi lóṣù mẹ́ta. Bí kò bá rọgbọ, òun á wá fi mọ́tò kó mi.

Ohun tí mò ń bẹ̀rù ni kí wọ́n máa pè mí ní dálémosú. O mọ ohun tí ojú àwọn ìyàwó ilé máa ń rí lọ́wọ́ obìnrin tó bá padà sílé bàbá rẹ̀: wọn á gbálẹ̀ fún un, wọn á pọnmi fún un, yóò sì tún máa rí ẹ̀bi wọn. Mo pinnu pé n kò ní di ẹrù sórí ẹnikẹ́ni. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí ẹnikẹ́ni tó jí, mo mú ìgbálẹ̀, mo gbá gbogbo àgbàlá láti ẹnu ọ̀nà títí dé ìdí kànga. Ojoojúmọ́ ni mo ń ṣe bẹ́ẹ̀, inú mi sì ń dùn sí ara mi.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí ìkíni fi gbẹ. Wọ́n ń kúnlẹ̀, wọn kò wo ojú mi. Bí mo bá dé ìdí kànga, ọ̀rọ̀ á dákẹ́. Mo wọlé, mo mú fóònù, mo wá nọ́ńbà ọmọ mi jáde kó lè wá kó mi. Ọkàn mi wúwo, mi ò parọ́.

Ibẹ̀ ni mo wà tí ìyálé wọn kanlẹ̀kùn. Ìyàwó àbúrò mi tó ti kú ni, obìnrin kékeré tó ń ta ọṣẹ lọ́jà. Ó kúnlẹ̀, kò sì dìde.

“Ọkọ wa, kí la ṣe fún yín?”

“Ẹ̀yin kẹ̀? Ẹ ò ṣe nǹkan kan.”

“Ẹ ń gbálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wa láràárọ̀. Àwọn ará ilé kejì ti ń bi wá pé ṣé ọ̀bùn ni wá ni, tí ọmọ ilé fi ń gbálẹ̀ tí ìyàwó mẹ́rin ń sùn. Bí ẹ bá fẹ́ bá wa wí, ẹ fẹnu sọ ọ́.”

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Èmi kò wo ilé kí n tó mú ìgbálẹ̀. Ọwọ́ mi ti ń bú wọn láti ọjọ́ yìí wá, mo rò pé mò ń ṣe oore! Mo bú sẹ́rìn-ín, omijé sì tẹ̀ lé e. Mo sọ òótọ́ fún un, pé ẹ̀rù ń bà mí kí n má di ẹrù, kí ọmọ mi má wá kó mi lọ. Ó dìde, ó jókòó tì mí lórí bẹ́ẹ̀dì.

“Ẹrù báwo? A máa ń dáwó ra gàrí àti ẹ̀wà lápò nígbà tó bá pọ̀ lọ́jà, a ó pín in. Ẹ bá wa dá a, kí ẹ máa se oúnjẹ yín. Àgbàlá ni kí ẹ fi sílẹ̀ fún wa.”

“Gbogbo ẹ̀?”

Ó wo ẹnu ọ̀nà mi. “Ó dáa, ẹ máa gbá iwájú yàrá yín.”

Ṣé o mọ ìgbà tí èèyàn bá sọ ìkòkò omi kalẹ̀, tí ọrùn á kọ́kọ́ ṣe bí ẹni pé ó ń ga sí i? Bó ṣe rí lára mi nìyẹn. Mo pa fóònù náà.

Nígbà tí oṣù mẹ́ta pé, ọmọ mi gbé mọ́tò dé. Ẹ̀yìnkùlé ló ti bá mi nídìí ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀. Ó wo kẹ́ẹ̀gì ẹ̀wà mi tí mo da ata gbígbẹ sí kí kòkòrò má bàa wọ̀ ọ́, ó wo ojú mi, kò sọ̀rọ̀ Èkó mọ́. Ẹ̀fọ́ ló kó lọ dípò ìyá rẹ̀.

Tẹ́lẹ̀, mo rò pé kí èèyàn dá dúró ni kó má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun ṣe nǹkan kan. Láàárọ̀ yìí náà, mo gbá iwájú yàrá mi, kò ju ìgbésẹ̀ méje lọ. Nígbà tí mo dé ibi tí tèmi parí sí, mo dúró, mo fi ìgbálẹ̀ ti ògiri, mo sì jẹ́ kí wọ́n gbá tiwọn.