Omi Ló Ń Pa Òdòdó Màámi

Mo kanra mọ́ bàbá mi lónìí nítorí òdòdó.

Ọ́kíìdì tí màámi fi sílẹ̀ kí wọ́n tó kú ni. Ojú fèrèsé pálọ̀ wa ní Sùúrùlérè ló wà. Ewé rẹ̀ ń pọ́n, ó sì ń rọ. Oòrùn ni mo rò pé ó ń ṣe é, àfìgbà tí mo yọ ọ́ nínú ìkòkò láàárọ̀ yìí. Gbòǹgbò rẹ̀ ti jẹrà, omi ń ro tótó.

Mo ní, "Dádì, ta ló ń bomi sí nǹkan yìí?"

"Èmi ni. Láràárọ̀ ni."

"Láràárọ̀ kẹ̀? Ẹ ti fẹ́ pa á. Kì í fẹ́ omi púpọ̀."

Wọ́n jókòó. Wọ́n wá ní, "Láràárọ̀ ni mo máa ń po tíì fún ìyá ẹ. Tí mo bá jí báyìí, mi ò mọ ohun tí mo lè fọwọ́ mi ṣe."



Mo gé àwọn gbòǹgbò tó ti rà kúrò. Gbòǹgbò kan péré ló ṣì le. A jọ gbìn ín padà, Dádì ló di ewé rẹ̀ mú.

Mi ò rò pé ó máa yè, mi ò sì tíì lè sọ fún wọn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti tọ́jú irú ẹ̀ rí, ṣé gbòǹgbò kan lè gbé e dìde? Ẹ jọ̀ọ́, òótọ́ ni kẹ́ ẹ sọ fún mi.