Àpótí Tí Mo Gbà Lọ́wọ́ Bàbá Arúgbó

Ẹ jókòó kí n ro ẹjọ́ ara mi fún yín, torí inú ṣì ń bí mi títí di bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Àdúgbò Veddel ni mò ń gbé ní Hamburg, nílẹ̀ Jẹ́mánì. Lọ́jọ́ Sátidé, mo mú Tọ́pẹ́, ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, lọ sí mùsíọ́mù ọkọ̀ ojú omi kékeré kan tó wà lẹ́bàá odò àfọwọ́gbẹ́ àtijọ́ kan. Tíṣà rẹ̀ ló ní kó ya àwòrán ọkọ̀ kan wá.

Àtìgbà tá a wọlé ni òṣìṣẹ́ kan ti ń tẹ̀ lé wa. A dé ìdí ìdákọ̀ró, ó wà níbẹ̀. A dé ìdí àwòrán, ó tún wà níbẹ̀. Mo ṣe bí ẹni tí kò rí i.

Bàbá arúgbó kan tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ wá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó gbé àpótí onígíláàsì tí ọkọ̀ kékeré wà nínú rẹ̀. Àpótí náà tóbi jù fún un. Ẹ̀yin náà, ta lọ́mọ Yorùbá tó máa rí àgbà lábẹ́ ẹrù tó máa káwọ́ gbera? Mo sáré lọ, mo kí i kú iṣẹ́, mo sì gba àpótí lọ́wọ́ rẹ̀.

Ni bàbá bá figbe ta pé olè ni mí!

Òṣìṣẹ́ yẹn dì mí lápá mú, ó ní òun máa pe Polizei, àwọn ọlọ́pàá wọn. Ẹ̀rù bà mí, ká má purọ́. Ìwé tí mo fi ń tọrọ àtidi ọmọ ilẹ̀ wọn ṣì wà lọ́wọ́ Amt, iléeṣẹ́ ìjọba wọn. Bí wọ́n bá kọ orúkọ mi sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá pẹ́nrẹ́n, làálàá ọdún mẹ́jọ wọmi nìyẹn. Gbogbo èdè Jẹ́mánì tí mo gbọ́ sì sá kúrò lẹ́nu mi.

Tọ́pẹ́ ló gbà mí sílẹ̀. Ó ṣàlàyé fún wọn pé bàbá òun máa ń gba ẹrù lọ́wọ́ gbogbo àgbà, títí kan ìyá àgbà tó ń gbé lókè ilé wa tí kì í dáhùn bá a bá kí i. Wọ́n fi mí sílẹ̀. Wọn ò tiẹ̀ ní kí n má bínú, àwọn aláìmoore.

Bá a ṣe ń jáde, bàbá yẹn tún gbé àpótí rẹ̀, ó sì kọsẹ̀. Tọ́pẹ́ ti nawọ́ sí i. Mo fà á lọ́wọ́ padà, mo ní kó fi bàbá náà sílẹ̀.

Nínú S-Bahn, ọkọ̀ ojú irin tá a wọ̀ lọ sílé, ló tó bi mí pé ṣebí èmi ni mo kọ́ òun pé kéèyàn máa gba ẹrù lọ́wọ́ àgbà.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé kẹ́ ẹ máa béèrè kẹ́ ẹ tó ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ níbí. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọmọ mi tí mo fà padà yẹn, ó dùn mí ju olè tí wọ́n pè mí lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tọ́mọ nílẹ̀ yìí, irú ẹ̀ ti ṣe yín rí? Kí lẹ sọ fọ́mọ?