Ìlà Tó Ń Dáhùn Ìkíni

Bí ẹ bá dé ilé kan tí ẹ rí ọkùnrin tó ń to bàtà àwọn àlejò sẹ́nu ọ̀nà, tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tó ń wò ó kí imú ọ̀kan má baà yọ ju èkejì lọ, Gbọọrọ nìyẹn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa fa ìlà funfun sáàárín títì, èyí tó ń sọ fún awakọ̀ pé apá ibí ni tìrẹ, apá ọ̀hún ni ti ẹlòmíràn. Ó ní kẹ̀kẹ́ ọ̀dà kan tó máa ń tì níwájú, ọ̀dà á sì máa ṣàn jáde lábẹ́ rẹ̀. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ máa ń ta okùn sílẹ̀ kí wọ́n tó fa tiwọn. Gbọọrọ kì í ta okùn. Á tẹjú mọ́ nǹkan kan lókèèrè, ìbáà ṣe igi, ìbáà ṣe òpó iná, á máa tì lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, ìlà á sì gún régé. Ibi tí orúkọ ti wá nìyẹn. Nílé, búrẹ́dì tí wọ́n bá gé wọ́gọwọ̀gọ kì í wọ̀ ọ́ lọ́fun. Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Ìbejì, tó ń rán kọ́tìnì, a máa sọ pé òun ò mọ̀ bóyá ọkùnrin lòun fẹ́ àbí rúlà.

Ṣùgbọ́n ojú náà ń dàgbà bí olójú ṣe ń dàgbà. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Gbọọrọ bá kóòtù kan tí wọ́n fi kọ́ sára ilẹ̀kùn, ó kí i pé, "Ẹ káàárọ̀ sà," inú sì bí i pé kò dáhùn. Ìyàwó rẹ̀ ò bá a jiyàn, ó kàn wọ́ ọ lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú.

Dókítà náà jẹ́ ọmọbìnrin kan tí ohùn rẹ̀ tutù bí omi àmù. Ó yẹ ojú náà wò, ó sì fún un ní awò tó nípọn bí ìdí ìgò.

"Bàbá," ó ní, "ẹ kọ́kọ́ máa wọ̀ ọ́ nínú ilé kí ẹ tó wọ̀ ọ́ lọ síbi iṣẹ́. Tí ẹ bá ń yí orí, ayé lè dà bíi pé ó ń rìn. Ẹ má tìtorí ìyẹn bọ́ ọ o. Yóò mọ́ yín lára."

"Ó ti yé mi, dókítà," ni Gbọọrọ wí.

Kò yé e. Inú àpò ló fi awò náà sí títí di Mọ́ńdè.

Mọ́ńdè náà, títì iwájú àwọn ṣọ́ọ̀bù àdúgbò rẹ̀ ni wọ́n rán an sí. Ó gbé awò wọ̀. Háà! Òpó iná tó wà lókèèrè hàn kedere bíi pé ó wà ní pálọ̀. Ó rí ẹyẹ tó bà sórí rẹ̀, ó tún rí i pé inú ẹyẹ náà ò dùn. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó tẹjú mọ́ òpó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ti kẹ̀kẹ́ lọ.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé èèyàn ò lè ṣiṣẹ́ ní àdúgbò rẹ̀ kí wọ́n má kí i.

"Ẹ kú iṣẹ́ o!" ni ṣúmékà ké láti apá òsì.

Gbọọrọ yí orí. "Ẹ ṣé o!"

Bó ṣe yí orí ni òpó iná gbéra, ó sáré bí olè tí wọ́n rí lójú fèrèsé. Gbọọrọ tí òpó kankan ò sá mọ́ lọ́wọ́ rí gbá tẹ̀ lé e tòun ti kẹ̀kẹ́. Nígbà tí orí dúró, òpó dúró, òun náà padà sáàárín. Kò tíì mí kanlẹ̀ tí télọ̀ fi yọjú láti ọ̀tún, "Ẹ kú iṣẹ́ o!" Òpó tún gbéra. Oníbúrẹ́dì kí i, onítáyà kí i, ẹnì kan kí i lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ọmọlúàbí ni Gbọọrọ, gbogbo wọn ló dá lóhùn.

Nígbà tó parí, ó bọ́ awò kó lè wo iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa. Láìsí awò, ìlà náà rí bàìbàì, ó sì dára lójú rẹ̀. Ó lọ sílé.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ariwo gba títì. Ibi tí ìlà bá ní kí awakọ̀ gbà náà ló ń gbà, nítorí náà gbogbo ọkọ̀ ló ń re ọ̀tún re òsì bí ẹni tó mutí yó. Bọ́ọ̀sì ńlá kan ń ju ìdí kiri, àwọn èrò inú rẹ̀ ń bá ara wọn dì mọ́ra láìròtẹ́lẹ̀. Ọ̀gá àwọn tó ń fa ìlà títì, obìnrin kan tí kì í rẹ́rìn-ín lẹ́nu iṣẹ́, ránṣẹ́ pe Gbọọrọ síbẹ̀.

"Títì ni mo ní kí ẹ kùn," ó ní. "Ta ló ní kí ẹ ya ejò?"

Gbọọrọ ṣàlàyé pé awò ni, pé gbogbo ìgbà tí wọ́n bá kí òun tí òun sì yí orí ni ayé ń sá lọ. Ìyá Ìbejì ti dé ní tirẹ̀, ọwọ́ ní ìbàdí. Ẹni tó ń rán kọ́tìnì mọ ojú ìrán tó wọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tọ ìlà náà lọ.

"Ta ló kí yín níbí?"

"Ṣúmékà ni."

"Ibí tó yọ iké méjì yìí ńkọ́?"

"Télọ̀ ni. Ó tún bi mí léèrè ará ilé."

Wọ́n dé iwájú ṣọ́ọ̀bù onídìrí. Níbẹ̀, ìlà náà fò kúrò láàárín títì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé etí gọ́tà, ó padà, ó sì tún fò lọ. Ìyá Ìbejì dúró.

"Níbí ńkọ́?"

Gbọọrọ húkọ́. "Ẹnì kan ṣáá ni."

"Ẹnì kan! Irú ìkíni wo ló gbé ọkọ mi dé etí gọ́tà?"

Onídìrí sáré jáde tòun ti ìyarun lọ́wọ́. "Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀! Èmi ò kí wọn. Orí oníbàárà ló wà lọ́wọ́ mi."

"Orí ta?"

Onídìrí wo Gbọọrọ. Gbọọrọ wo òkè.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Ìyá Ìbejì gba iṣẹ́ kọ́tìnì òtẹ́ẹ̀lì kan, ó sì ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ kó wá bá òun ṣẹ́ etí aṣọ. Màmá fèsì pé orúnkún ti kan òun mọ́ bẹ́ẹ̀dì, òun ò lè dìde ti fèrèsé. Àmọ́ lọ́jọ́ Mọ́ńdè yẹn, Màmá náà ló yọ orí tó kún fún rólà jáde ní ṣọ́ọ̀bù onídìrí. "Àna mi, ẹ kú iṣẹ́!" ó ní. "Ẹ ò rí mi o." Gbọọrọ yí orí sí i, ó tẹríba débi tí imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ọ̀dà. "Mi ò rí yín, Màmá." Orí tó lọ sílẹ̀ tó tún gòkè wá ló mú kí títì fò bí ọ̀bọ.

Bó bá sọ ọ́ báyìí, ìyá ìyàwó á bínú. Bí kò bá sọ ọ́, ìyàwó á bínú. Bó bá sì purọ́, ìlà wà nílẹ̀ tó ń jẹ́rìí.

"Ta ni?" ni Ìyá Ìbejì tún bi í.

"Ẹyẹ ni," ni Gbọọrọ wí.

"Ẹyẹ ló kí yín kú iṣẹ́?"

Gbogbo àwọn tó ń wòran bú sẹ́rìn-ín. Ohùn kan wá ti inú ṣọ́ọ̀bù jáde: "Ẹ fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀, èmi ni!" Màmá tó wá tú rólà ló sọ̀ kalẹ̀ láti orí àtẹ̀gùn, kíákíá bí ọmọdé.

Ìyá Ìbejì ò tiẹ̀ wo irun. "Màmá, orúnkún ńkọ́?"

"Orúnkún ń dùn mí dáadáa," ni Màmá wí. "Àbí orúnkún ni wọ́n ń dì níbí?"

Ìyá Ìbejì fẹ́ bínú, ẹ̀rín ò jẹ́. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di òpó mú. Lọ́jọ́ yẹn náà ni Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́ etí kọ́tìnì, tòun ti rólà lórí.

Gbọọrọ padà sọ́dọ̀ dókítà.

"Bàbá," ni dókítà wí, "nǹkan kan wà nínú etí yín lọ́hùn-ún tó máa ń sọ fún ọpọlọ pé orí ti yí. Kí ẹ tó mọ̀, ọpọlọ ti ní kí ẹyinjú yí sí òdìkejì, kí ohun tí ẹ ń wò má baà sá. Ọjọ́ pẹ́ tó ti mọ ìwọ̀n tó yẹ kó yí i. Awò yìí wá sọ nǹkan di ńlá, ìwọ̀n àtijọ́ ò tó mọ́. Ojú ń yí, àmọ́ kò yí tó. Ìyẹn lẹ ṣe ń rí òpó tó ń sáré."

"Ta ló máa wá sọ fún ọpọlọ?"

"Ojú náà ni. Bí nǹkan bá ti ń yọ̀ lọ, ọpọlọ á rí i pé òun ṣì í, á máa tún un ṣe díẹ̀díẹ̀. Àmọ́ inú àpò lẹ fi awò sí."

"Áà," ni Gbọọrọ wí. "Àpò ló wá ń kọ́ ẹ̀kọ́."

Dókítà ní kó máa wo nǹkan kan lára ògiri, kó máa yí orí sọ́tùn-ún sósì, kó sì máa mì í sókè sódò, láìgbé ojú kúrò níbẹ̀. Gbọọrọ yan ìṣó kan ní pálọ̀. Ó ń yí orí sọ́tùn-ún sósì nígbà tí ìyàwó rẹ̀ yọjú láti kíṣíìnì. "Ṣé kí n bu oúnjẹ yín?" Nígbà tó rí i tó ń mi orí bẹ́ẹ̀, ó dé ìkòkò. Ebi pa Gbọọrọ lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Lọ́jọ́ kejì, ó yí i padà, ó ní sókè sódò lòun máa mì í nígbà oúnjẹ. Màmá ló wá jókòó tì í.

"Àna mi, ilé yín yìí tù mí lára. Ṣé kí n kúkú kó ẹrù mi wá?"

Gbọọrọ tẹjú mọ́ ìṣó, ó ń mi orí sókè sódò.

"Ṣé kí n gba yàrá tó kọjú sí títì?"

Orí ṣì ń lọ sókè sódò.

"Ọlọ́run á bù kún yín," ni Màmá wí. Nígbà tí Gbọọrọ máa fi gbójú kúrò lára ìṣó, àpótí Màmá ti wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Kò pẹ́ púpọ̀ tí ìṣó fi dẹ́kun sísá. Gbọọrọ padà sí títì, ó tún ìlà fà. Wọ́n kí i lápá òsì, wọ́n kí i lápá ọ̀tún, ó dá gbogbo wọn lóhùn, òpó iná ò sì mira. Ọ̀gá wọn wa ọkọ̀ gba ibẹ̀ lọ, ó sì tún gba ibẹ̀ bọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan ni Gbọọrọ bọ́ awò kó lè wẹ̀. Ó yí orí wá ọṣẹ, gbogbo ilé ìwẹ̀ sì gbéra! Ó sáré jáde tòun ti táwẹ́lì, ó gbé fóònù.

"Dókítà, ayé tún ti ń rìn o! Ó tiẹ̀ ti yí ọ̀nà padà!"

Dókítà rẹ́rìn-ín. "Ó dára nìyẹn, bàbá. Ọpọlọ yín ti mọ ìwọ̀n tuntun, ẹ wá bọ́ awò, ojú ń yí jù. Tó bá yá, yóò mọ méjèèjì."

Gbọọrọ ò lè dúró di ìgbà tó bá yá. Láti ọjọ́ náà, awò wà lójú rẹ̀ tó bá ń wẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ní ọṣẹ ń bo awò náà, kò tiẹ̀ rí nǹkan kan níbẹ̀. Gbọọrọ ní ìyẹn ò burú, bí ohun tóun ò rí bá ṣáà ti dúró sójú kan.