Lẹ́yìn Èéfín Bàbá Alága

Ẹ má fi ọwọ́ ìkọ̀wé mi rẹ́rìn-ín. Ìwé mi ò ga, n kì í sì í ṣe ẹni tó lẹ́nu ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n bí òórùn pẹtiróòlù tí wọ́n po ọ́ìlì mọ́ bá ti ta sí mi nímú, ọkàn mi ti dé oko ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ti hú tán lẹ́yìn Ayétòrò, níbi tí àwọn bàbá wa ti máa ń fi máṣíìnì àtijọ́, àwọn alùpùpù tó ń mu àdàlù yẹn, sáré ìje. Bàbá mi wà nínú ẹgbẹ́ àwọn tó ń sáré yẹn kí máṣíìnì rẹ̀ tó kú, tí a ò rí páàtì rẹ̀ rà mọ́, títí dé Ìdí-Ìrókò. Ó wù mí gan-an kí n rọ́pò rẹ̀, ṣùgbọ́n tuntun ni èyí tí mo fi ń kó gaàrí lọ sọ́jà, wọn kì í sì í gba tuntun.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, máṣíìnì àtijọ́ mẹ́ta péré ló ṣì ń ṣiṣẹ́. Bàbá tó jẹ́ alága wọn wá ní kí àwọn tuntun máa bọ̀, kí àwọn àgbà kọ́kọ́ wò wọ́n nínú ìje kan ná. Ó ní àbúrò ni máṣíìnì tuntun, ẹ̀yìn ni yóò ti gbéra, ẹni tó bá sì fẹ́ kọjá ẹ̀gbọ́n gbọ́dọ̀ kígbe tọrọ ọ̀nà. Géńdé kan tó gun tuntun bíi tèmi béèrè bóyá kí máṣíìnì òun dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú.

Alága ní, "Kò ní pẹ́ dọ̀bálẹ̀, ìwọ náà á sì bá a dọ̀bálẹ̀. Ẹrẹ̀ ń bẹ níwájú."

Bẹ́ẹ̀ ló sì rí, ní kọ́nà àkọ́kọ́.

Èmi bá Alága nínú èéfín rẹ̀. Máṣíìnì mi lágbára ju tirẹ̀ lọ, ọ̀nà sì là, ṣùgbọ́n ohùn mi kọ̀, kò jáde. Mo la ẹnu, èéfín ló wọlé. Bí mo ṣe ń tẹ̀ lé e nìyẹn, bí ìyàwó tuntun tó ń sin ìyá ọkọ lọ sọ́jà, títí ìje fi parí, tí ojú mi dúdú bí ìdí ìkòkò, tí àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín. Mo rò pé Alága á yìn mí pé mo lẹ́kọ̀ọ́. Ó bọ́ akoto rẹ̀, ó ní:

"Ọmọ ọ̀rẹ́ mi, ṣé o ń sìn mí lọ sílé ni? Bàbá rẹ máa ń kọjá lára mi, á sì máa kí mi bó ṣe ń lọ. A gbà ọ́ sẹ́gbẹ́. Ṣùgbọ́n lọ́dún tó ń bọ̀, tí n ò bá gbọ́ ohùn rẹ lẹ́yìn mi, n ò ní yà."

Tẹ́lẹ̀, mo máa ń rò pé dídákẹ́ ni ọ̀wọ̀. Ọjọ́ yẹn ló yé mi pé àgbà tó ní ká tọrọ ọ̀nà, ohùn wa ló fẹ́ gbọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí n tó lọ kó gaàrí, mo yọ́ gun máṣíìnì mi wọ oko káṣú wa. Bí mo bá ti súnmọ́ igi kan, mo ń wí pé, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà fún mi." Nídìí igi àkọ́kọ́, bí ẹní ń sọ̀rọ̀ sétí ni. Nígbà tí mo fi máa dé ìparí oko, àwọn ẹyẹ ti ń fò nítorí igbe mi.